Ìwé Ìfẹ́ Rẹ Tí Ìyá Ọkọ Rẹ Kọ́kọ́ Gbọ́

Moncalieri,
ọ̀sán Ọjọ́bọ̀

Tọ́lání ọmọ mi, Àbẹ̀kẹ́ mi,

Wá ibi jókòó sí kí o tó bẹ̀rẹ̀ sí ka èyí. Bí o bá wà nínú treno tó ń gbé ọ lọ síbi iṣẹ́, fi í sínú báàgì, má kà á láàárín èrò. Mo mọ̀ pé ìwọ àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ kò mọ lẹ́tà mọ́, fóònù ni ẹ mọ̀. Ṣùgbọ́n ohun tó wà nínú mi kò ṣeé sọ lórí fóònù. Bí mo bá la ẹnu lórí rẹ̀, ìwọ yóò fi Italian dá mi lóhùn, inú á bí mi, n ó sì pa fóònù mọ́ ọ létí bí mo ṣe ṣe lọ́jọ́sí. Bí Yorùbá mi bá le fún ọ, kà á sókè díẹ̀díẹ̀ bí a ṣe máa ń ka Bíbélì nílé ìdáná nígbà tí o wà ní kékeré. Signora Piera, ìyá àgbà tí mò ń tọ́jú, ti sun oorun ọ̀sán, mo ti fọ abọ́ tán, ilé sì dákẹ́.

Ọ̀rọ̀ ìwé rẹ ni. O ní àwọn casa editrice tó fẹ́ tẹ̀ ẹ́ fẹ́ mọ̀ kí ọ̀sẹ̀ yìí tó parí bóyá orí kẹrin yóò wà nínú rẹ̀ tàbí kò ní sí. O kọ ọ́ sí mi pé, "Mamma, se ti fa male, lo tolgo." Pé bí ó bá dùn mí, ìwọ yóò yọ ọ́ kúrò. O wá fi gbogbo rẹ̀ lé mi lọ́wọ́, èmi náà dákẹ́, mi ò dá ọ lóhùn. N ó dá ọ lóhùn nínú lẹ́tà yìí, ṣùgbọ́n n ó kọ́kọ́ sọ tinú mi. Ohun tó ń dun ni níí pọ̀ lọ́rọ̀ ẹni, nítorí náà fara dà á fún mi.

Jẹ́ kí n là á mọ́lẹ̀: mò ń jowú. Ìyá Kúnlé, ìyá ọkọ rẹ, ni mò ń jowú. Mo mọ̀ pé kò yẹ kí obìnrin tó ń palẹ̀ ìgbéyàwó ọmọ rẹ̀ mọ́ máa jowú àna rẹ̀. Àwọn àgbà ti ní òjòwú ò lẹ́ran láyà. Wò mí dáadáa nígbà tí o bá tún wálé, o ó rí i pé mo ti rù.

Wọn ò ṣẹ̀ mí o. Obìnrin dáadáa ni wọ́n. Wọ́n ń ṣiṣẹ́ ìmọ́tótó nílé iṣẹ́ ńlá ní Marghera, wọ́n ń kírun, wọn kì í purọ́, wọ́n sì gba ìwọ ọmọ onígbàgbọ́ tọwọ́tẹsẹ̀. Láti ìgbà tí a ti ṣe mọ̀-mí-n-mọ̀-ọ́, kò sí ọ̀rọ̀ burúkú kan tó jáde lẹ́nu wọn. Bí wọ́n bá burú ni, ì bá rọ̀ mí lọ́rùn.

Ohun tí Kúnlé lè má sọ fún ọ ni bí mo ṣe gbọ́ nípa ìwé náà. Sátidé kan tí ìwọ wà níbi iṣẹ́ ní Padova, mo wọ treno lọ kí wọn ní Marghera. Mo gbé ọbẹ̀ ẹ̀gúsí sínú ike, mo gbé e lé itan láti Torino títí dé Mestre. Mi ò tíì bọ́ bàtà tán lẹ́nu ọ̀nà wọn tí wọ́n fi ní, "Ìyá Tọ́lání, ẹ káàbọ̀ o. Ẹ jọ̀ọ́, kí lorúkọ ọkọ yín ná?" Mo rò pé wọ́n fẹ́ kọ ọ́ sínú ìwé ìpè ìgbéyàwó ni. Mo ní, "Bàbá Tọ́lání ni." Ẹ̀rín tí ìyá yìí rín, wọ́n di ògiri mú. Kúnlé tó wà nídìí tẹlifíṣọ̀n dorí kodò. Nígbà tí wọ́n rẹ́rìn-ín tán, wọ́n fi etí ìró nu ojú, wọ́n ní, "Àṣé òótọ́ ni Tọ́lání kọ. Mo rò pé ó fi iyọ̀ sí i ni." Mo bi wọ́n pé kí lo kọ. Wọ́n wo Kúnlé. Kúnlé wò mí, ó ní, "Màámi, ẹ ò tíì kà á ni?"

Mo jẹun lọ́dọ̀ wọn, mo dúpẹ́, mo padà sílé. Gbogbo ọ̀nà ni mò ń rò ó pé ìwé tí ọmọ tèmi kọ, ìyá ẹlòmíràn ti gbọ́ ọ látòkè délẹ̀. Kúnlé jókòó tì wọ́n nílé ìdáná, ó ń kà á, ó ń tú u sí Yorùbá fún wọn, torí Italian wọn ò dé orí ìwé. Èmi wá rèé. Èmi tí mo mọ Italian kà, tí mo fi ìwé ìfẹ́ kọ́ èdè náà. Nígbà tí mò ń to èso sínú páálí ní Cuneo, àwọn obìnrin tí a jọ ń ṣiṣẹ́ máa ń ju irú ìwé bẹ́ẹ̀ sórí tábìlì nígbà pausa, àkókò ìsinmi, èmi ni mo máa ń kó wọn lọ sílé. Ìwọ fúnra rẹ máa ń bá mi wo ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ tó bá le, kí o tó mọ bàtà so. Èwo ni èmi kò wá yẹ lẹ́ni tí wọ́n ń fi ìwé ìfẹ́ hàn?

Nígbà tí o wá fi í ránṣẹ́ sí mi, mo kà á. Jẹ́ kí n sọ bí ọ̀rọ̀ náà ṣe rí gan-an, torí èmi náà ní tèmi láti sọ.

Ọjọ́ tí bàbá rẹ ṣubú nílé ìdáná, èmi ni mo pe áńbúláǹsì. Obìnrin tó gbé fóònù bi mí lórúkọ wọn, mo ní Bàbá Tọ́lání. Àwọn tó gbé ọkọ̀ wá tún bi mí, mo tún sọ bẹ́ẹ̀. Gbogbo káàdì bàbá rẹ wà nínú jákẹ́ẹ̀tì tí wọ́n gbàgbé sínú mọ́tò ẹni tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́, kò sí ohun tí àwọn yẹn lè fi mọ̀. Wọ́n bá kọ Baba sí orúkọ, wọ́n kọ Tolani sí cognome, àyè orúkọ ìdílé, wọ́n so ó mọ́ bàbá rẹ lọ́rùn ọwọ́. Kì í ṣe pé mi ò mọ orúkọ ọkọ mi. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti fà mí lé ìdílé wọn lọ́wọ́ ni orúkọ náà kò ti jáde lẹ́nu mi rí. Ìyá mi kò pe bàbá mi lórúkọ, ìyá tó bí i kò pe ọkọ tiẹ̀. Àwọn àbúrò bàbá rẹ gan-an, orúkọ tí mo sọ wọ́n ni mo ń pè wọ́n títí dòní: Akọ́wé, Ìdílẹ̀kẹ̀, Òyìnbó. Bí ẹ̀rù bá ba ènìyàn, ohun tó ti mọ́ ọn lẹ́nu ló ń sọ. Ìwọ wá sáré dé láti Padova, o ń sọ orúkọ bàbá rẹ gidi fún àwọn tó wà nídìí tábìlì ọsibítù, wọ́n ní àwọn ò ní ẹni tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ibẹ̀ ni o dúró sí títí mo fi jáde láti wá omi rà.

Ohun tí o wá fi ṣe orí kẹrin nìyẹn. Tibẹ̀, ọmọbìnrin inú ìwé rẹ, ń fẹ́ ọmọkùnrin tó ń yẹ tíkẹ́ẹ̀tì wò nínú treno, wọ́n ń jà, wọ́n ń parí rẹ̀, ó ń dùn mọ́ mi bọ̀. Àfi bí mo ṣe dé orí kẹrin tí mo bá ara mi pàdé ní pronto soccorso, ibi tí wọ́n ń gbé aláìsàn pàjáwìrì wá ní ọsibítù. O kọ ọ́ pé ìyá ọmọ náà wọ bàtà sẹ́sẹ̀ kan, ó wọ sálúbàtà sẹ́sẹ̀ kejì. O kọ ọ́ pé nọ́ọ̀sì bi í lórúkọ ọkọ rẹ̀, ó ní Bàbá Tibẹ̀, nọ́ọ̀sì pe nọ́ọ̀sì mìíràn, ìyẹn náà bi í, ó tún sọ bẹ́ẹ̀, wọ́n pe dókítà, títí ọkọ tó wà lórí bẹ́ẹ̀dì fi la ojú, tó ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ ọ́ bẹ́ẹ̀." Òótọ́ ni ti bàtà àti sálúbàtà. Ṣùgbọ́n bàbá rẹ kò la ojú. Wọn ò sọ nǹkan kan.

Mi ò rẹ́rìn-ín. Mo ní, ọmọ tí mo fi ọyàn mi bọ́ ló kó mi síta bí aṣọ tí wọ́n sá yìí, kí àwọn tí kò mọ̀ mí lè máa fi mí ṣe yẹ̀yẹ́, ìyá ọkọ rẹ̀ ló sì fi bẹ̀rẹ̀.

Lọ́jọ́ kejì mo gbé e fún Signora Piera, mo ní kí wọ́n bá mi kà á, mi ò sọ ẹni tó kọ ọ́. Wọ́n gbé awò ojú wọ̀, wọ́n ń kà, ó pẹ́. Mò ń retí kí wọ́n rẹ́rìn-ín kí n lè bínú sí àwọn náà. Wọ́n bọ́ awò, wọ́n ní, "Poverina," pé obìnrin náà mà ṣe àwọn láàánú o. Wọ́n ní ìyá tó bí àwọn, ní abúlé kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ Cuneo, kò pe bàbá àwọn lórúkọ rí títí tí wọ́n fi sin ín, "òun" ló máa ń pè é. Wọ́n ní àwọn ò rí ohun ẹ̀rín kankan níbẹ̀. Wọ́n ní ìwé ìfẹ́ tòótọ́ nìyí, wọ́n sì bi mí bóyá ọkùnrin náà yè é. Mo ní ó yè é, ó ń bẹ nílé, ó ń ṣe wàhálà.

Ìwé kan náà ni o. Ẹnìkan di ògiri mú, ẹnìkan bínú, ẹnìkan bọ́ awò ojú. Èyí ló mú mi ronú jinlẹ̀, ìmọ̀ràn tí mo fẹ́ fún ọ sì ti ibẹ̀ wá. Ìwọ ń wọ ilé ọkọ, ìwọ ń wọ iṣẹ́ ìwé kíkọ, àwọn méjèèjì ń fẹ́ òye kan náà.

Èkíní, Àbẹ̀kẹ́ mi, má fi ẹ̀rín ṣe òṣùwọ̀n ẹni tó fẹ́ràn rẹ. Mo ti ṣe irú rẹ̀ rí. Nílé ẹ̀kọ́ girama wa ní Ògbómọ̀ṣọ́, ìwé ìfẹ́ kan ni gbogbo yàrá máa ń pín kà. A ó fa ẹ̀yìn ìwé náà ya, a ó pín in sọ́nà mẹ́rin, ẹni tó bá ka apá kan tán á gbé e fún ẹlòmíràn, nígbà mìíràn ènìyàn á ti mọ ìparí kó tó rí ìbẹ̀rẹ̀. Bísí ni ọ̀rẹ́ mi. Ìwé kan wà tí ọkùnrin inú rẹ̀ lọ sójú ogun tí kò padà. Mo sunkún lórí rẹ̀ títí orí fi ń fọ́ mi. Mo gbé e fún Bísí, mo jókòó tì í kí n lè rí i nígbà tí omijé tiẹ̀ bá dé. Bísí dìde sórí bẹ́ẹ̀dì, ó mú ohùn rẹ̀ nípọn, ó ń ka ọ̀rọ̀ ìdágbére ọkùnrin náà bí olùkọ́ ìṣirò wa ṣe máa ń sọ̀rọ̀. Gbogbo yàrá ń yí sílẹ̀. Mi ò bá a sọ̀rọ̀ mọ́ títí táàmù fi parí, mo ní aláìláàánú ni. Nígbà tí bàbá mi kú, Bísí yìí ló gbé àpótí mi dé ìdí mọ́tò, tó bá mi délé, tó fọ aṣọ ìyá mi. Àwọn tó bá mi sunkún lórí ìwé, mi ò rí wọn. Nítorí náà, bí Kúnlé bá rẹ́rìn-ín níbi tí ojú rẹ ti ń ṣomi, má sọ pé kò ní ọkàn. Bi í pé kí ló rí.

Èkejì, má fi ọ̀nà tí ènìyàn gbà sọ ìfẹ́ rẹ̀ ṣe ẹlẹ́yà. O máa ń sọ pé bàbá rẹ kì í sọ̀rọ̀. Wọn ò rí bẹ́ẹ̀ nígbà tí wọ́n wà lọ́dọ̀ọ́. Lẹ́tà tí wọ́n kọ́kọ́ kọ sí mi, gírámà inú rẹ̀ tó fọ́ àwo. Wọ́n pè mí ní òṣùpá, wọ́n pè mí ní ìràwọ̀, wọ́n ní ọkàn wọn ń gbọ̀n bí ewé, wọ́n kí mi ní ọ̀nà tí àwọn agbẹjọ́rò ń gbà kí adájọ́. Inú ìwé tí wọ́n fi ń kọ́ni ní lẹ́tà kíkọ ni wọ́n ti dà á kọ. Mo kà á sókè fún àwọn tí a jọ ń gbé yàrá, a rẹ́rìn-ín títí. Ẹnìkan lọ sọ fún wọn. Wọ́n fẹ́ mi náà, ṣùgbọ́n wọn ò kọ lẹ́tà sí mi mọ́ láyé. Nígbà tí wọ́n wà ní ìlú yìí tí èmi ṣì wà nílé pẹ̀lú rẹ, wọ́n ń pè, wọ́n ń fi ẹrù ránṣẹ́, kò sí ìwé. Obìnrin kan tí a jọ ń ṣiṣẹ́ ní Cuneo ní páálí bàtà tó kún fún lẹ́tà ọkọ rẹ̀. Ó fi hàn mí lọ́jọ́ kan. Mo jowú rẹ̀ débi pé mi ò lè jẹ oúnjẹ mi tán. Lẹ́tà rẹ̀ náà kún fún òṣùpá àti ìràwọ̀.

Ìwọ mọ ìwé kọ ju ọkọ rẹ lọ. Bí ó bá kọ ohun tí kò gún sí ọ, má mú bírò pupa.

Ẹ̀kẹta ló kàn ọ́ jù. Bí a bá sọ òkò sọ́jà, ará ilé ẹni níí bà. Mi ò ní kí o má sọ òkò, iṣẹ́ tí o yàn nìyẹn, mo sì rí i pé ọwọ́ rẹ gún. Ṣùgbọ́n ẹni tí yóò bà, pè é kí o tó jù ú, kí ó lè yà tàbí kí ó dúró gbà á. Èmi lè dúró. Ohun tó dùn mí ni pé ará ọjà ti ń pàtẹ́wọ́ kí n tó mọ̀ pé òkò bà mí.

Lẹ́yìn èyí ni ọ̀rọ̀ ìyá ọkọ, tí mi ò mọ nọ́ńbà tí n ó fi sí. Bá wọn rẹ́rìn-ín, ó dára, ilé tí ìyàwó àti ìyá ọkọ ti jọ ń rẹ́rìn-ín kò wọ́pọ̀. Ṣùgbọ́n má fi Kúnlé ṣe ohun ẹ̀rín fún wọn. Ìyá lè bá ọ fi ọmọ rẹ̀ rẹ́rìn-ín lónìí, kó wá rántí lọ́la pé ọmọ òun ni. Má sì fi mí ṣe é mọ́. Mo gbọ́ pé ìyá ọkọ rẹ ti ń sọ ìtàn áńbúláǹsì yẹn káàkiri àárín àwọn ará wa ní Padova, pé wọ́n ń fi ẹsẹ̀ ṣe àpèjúwe bàtà àti sálúbàtà, bíi pé àwọn ni wọ́n bá mi wọ ọkọ̀ náà. Mo tún gbọ́ pé wọ́n ń pe ìwé náà ní "ìwé wa". Ọ̀rọ̀ "wa" yẹn dùn mí ju sálúbàtà lọ.

Ti pé o ń pe ọkọ rẹ ní Kúnlé gbalaja lójú ìyá rẹ̀, mi ò bínú mọ́. Ayé yín nìyẹn, wọ́n sì ní kò bí wọn nínú. Mi ò ní kí o máa pè é ní Bàbá Lágbájá. Ṣùgbọ́n wá orúkọ kan fún un tí kò sí lẹ́nu ẹlòmíràn, kí ó mọ̀ pé bí òun bá gbọ́ ọ láàárín ọjà, ìwọ nìkan ló lè jẹ́. Àwọn tó ń rẹ́rìn-ín pé mi ò pe ọkọ mi lórúkọ kò bi mí ohun tí mò ń pè wọ́n nígbà tí ìlẹ̀kùn bá tì. Ìwọ náà ò bi mí. Mi ò sì ní kọ ọ́ síbí.

Wàyí o, jẹ́ kí n dé ibi tí mò ń lọ. Lọ́jọ́ tí mo pè ọ́ lẹ́yìn Marghera, mo bi ọ́ pé kí ló dé tí o fi gbé ìwé fún ìyá Kúnlé kí o tó gbé e fún mi. O ní, "Perché se non rideva lei, pazienza." Pé bí ìyá Kúnlé ò bá rẹ́rìn-ín, kò sí wàhálà. O ní, "Ma se non ridevi tu..." pé ṣùgbọ́n bí èmi ò bá rẹ́rìn-ín, o ò parí rẹ̀, èmi ni mi ò jẹ́ kí o parí rẹ̀, mo ti pa fóònù. Mo rò pé ìwọ ń sọ pé èmi ò mọ ẹ̀rín ni.

Lọ́jọ́ Àìkú, nígbà tí a dé láti ṣọ́ọ̀ṣì, mo gbé ìwé náà síwájú bàbá rẹ. Mo fẹ́ kí wọ́n bá mi bínú. Mò ń ka Italian, mò ń tú u, wọ́n ń jẹun. Mo ka ti bàtà, mo ka ti nọ́ọ̀sì, wọ́n ṣì ń jẹun lọ. Mo dé ibi tí ọmọbìnrin náà dúró sídìí ẹ̀rọ tó ń ta kọfí ní ọ̀nà ilé ìwòsàn, tó ń tẹ ẹ́, tó ń gbé kọfí tí kì í mu jáde, tó tún ń tẹ òmíràn, títí tó fi to ife kọfí sórí àga bí ẹni fẹ́ ṣe àlejò. Mo ti ka ibẹ̀ kọjá tẹ́lẹ̀, mo rò pé àpárá lásán ni, torí èmi ò sí níbẹ̀, ara mi ni mò ń wá nínú ìwé. Bàbá rẹ gbé ṣíbí sílẹ̀. Wọ́n ní, "Tún ibẹ̀ kà." Mo tún un kà.

Wọ́n ní, "Ọmọ yìí rò pé mo ti kú."

Mo ní, ẹ̀rín ló fi kọ ọ́. Wọ́n ní, "Ọ̀rọ̀ tó bá ju ẹkún lọ, ẹ̀rín là ń fi rín. Wọ́n sọ fún un pé kò sí ẹni tó ń jẹ́ orúkọ mi. Kí lo fẹ́ kó rò?" Wọ́n wá bi mí bóyá o sọ fún mi rí pé o ra kọfí tó pọ̀ tó bẹ́ẹ̀. Mo ní o ò sọ. Mi ò bi ọ́ ni. Lọ́jọ́ tí mo jáde láti wá omi rà yẹn, mo rí ọ, mo ní, "Wọ́n ń mí, wá," mo fà ọ́ lọ́wọ́. Mi ò tilẹ̀ wo ohun tó wà lórí àga.

Nígbà tó ṣe díẹ̀, bàbá rẹ ní kí n tún padà sí ti bàtà àti sálúbàtà. Mo kà á, wọ́n bú sẹ́rìn-ín, wọ́n di àyà mú, mo bá wọn jà pé kí wọ́n rọra. Wọ́n ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ ọ́ bẹ́ẹ̀," wọ́n tún ń rín in lọ. Èmi náà rẹ́rìn-ín díẹ̀. Díẹ̀ ni.

Nítorí náà, ìdáhùn mi rèé. Má yọ ọ́. Sọ fún àwọn casa editrice pé ìyá rẹ ní kí wọ́n tẹ orí kẹrin bó ṣe wà. Mi ò ní purọ́ fún ọ, ó ti wù mí lọ́sẹ̀ yìí kí n ní kí o yọ ọ́, kì í sì í ṣe torí ìtìjú. Mo fẹ́ gba ohun tí ìyá Kúnlé ń fi rẹ́rìn-ín lọ́wọ́ wọn ni. Bí mo bá ṣe bẹ́ẹ̀, ọmọ tó dúró sídìí ẹ̀rọ kọfí yẹn ni n ó yọ kúrò, mo sì ti fi í sílẹ̀ níbẹ̀ lẹ́ẹ̀kan.

Jẹ́ kí àwọn tó bá fẹ́ rẹ́rìn-ín rẹ́rìn-ín. Ẹlòmíràn á ní kò pa òun lẹ́rìn-ín, ẹlòmíràn á ní ìwé ìfẹ́ kò gbọdọ̀ ní ọsibítù nínú, ẹlòmíràn á ní o fi àṣà Yorùbá ṣeré. Má dá wọn lóhùn. Kí Ọlọ́run fi ìwé náà ṣe ọ̀nà fún ọ, kí ilé ọkọ rẹ tù ọ́ lára, kí o má ṣe rí ọjọ́ tí wọn ó tún bi ọ́ lórúkọ ẹni rẹ nídìí tábìlì ọsibítù.

Owú mi ò tíì tán o, má rò pé ó ti tán. Ohun kan ló kù tí mo fẹ́ gbà. Kí ìwé náà tó di títẹ̀, wọ treno wá sí Moncalieri, ìwọ nìkan, fi Kúnlé sílẹ̀ sí Padova. Jókòó síwájú mi, kí o fi ẹnu ara rẹ ka orí kẹrin sí mi létí láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Mi ò ṣèlérí pé n ó rẹ́rìn-ín. Bí o bá dé ibi tí ohùn rẹ ti ń gbọ̀n, má fò ó. Ibẹ̀ ni mo fẹ́ gbọ́ kí ẹnikẹ́ni tó gbọ́ ọ.

Èmi ni,
ìyá tó bí ọ.